Ohun Èlò àti Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Ń Tọ́jú Ẹ̀rọ Adáṣiṣẹ́

Ẹni tí ó bá ti wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ohun mímu sínú ìgò rí, yálà ní Ìkẹjà, ní Ọ̀tà tàbí ní Agbára, yóò ti rí bí ìgò ti ń tò lọ lórí bẹ́líìtì bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ kan ń fọ̀ wọ́n, òmíràn ń rọ nǹkan sí wọn, ẹ̀kẹta ń dé wọn lórí, kò sì sí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ohun tí ó ń darí gbogbo rẹ̀ ni àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PLC, tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí ìgò bá ṣàdédé dúró, àpótí yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ọ̀gá iṣẹ́ a figbe ta, akọ̀wé a bẹ̀rẹ̀ sí ka iye páálí tí kò jáde, ojú gbogbo wọn a sì yí sí ọ̀dọ́ kan tí ó gbé àpò irin-iṣẹ́ kọ́ èjìká. Ohun tí ó wà nínú àpò náà, àti ohun tí ó wà nínú orí ẹni tí ó gbé e, ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé lórí.

Ẹ̀rọ adarí yìí kì í ṣe ohun awo. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968 ni ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Dick Morley, kọ ìpilẹ̀ èrò rẹ̀ sórí ìwé. Ní ọdún 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí wọ́n pè ní Modicon 084 jáde. Ilé-iṣẹ́ General Motors, tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ń wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà, nítorí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ tuntun, wọ́n ní láti tú kọ́bọ́ọ̀dù ńláńlá tí rílé kún inú wọn, kí wọ́n sì tún wáyà wọn so láti ìbẹ̀rẹ̀. Rílé ni súwíìsì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí, tí ó sì ń pa. Àwọn oníná ilé-iṣẹ́ ti mọ àwòrán rílé kà dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe PLC fi jẹ́ kí èdè rẹ̀ jọ àwòrán náà: òpó méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ìlà tí ó dábùú ní àárín, gẹ́gẹ́ bí àkàsọ̀. Ladder, èyí tíí ṣe àkàsọ̀, ni wọ́n ń pe èdè náà títí di òní. Oníná tí ó bá mọ àwòrán rílé kà ti rin ìdajì ọ̀nà kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni PLC ń ṣe, tí ó sì ń tún wọn ṣe ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ń wo ohun tí ó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ bọ́tìnnì àti sẹ́ńsọ̀. Ó ń tẹ̀ lé àṣẹ tí wọ́n kọ sí i nínú. Lẹ́yìn náà ni yóò ránṣẹ́ sí mọ́tò tàbí fáàfù. Lójú rẹ̀ ni àwọn iná wínníwínní wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde. Nítorí náà, irin-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ojú, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí a sọ pé sẹ́ńsọ̀ tí ń ka ìgò ni a fura sí. Ẹ gbé ìgò síwájú rẹ̀. Bí iná ara sẹ́ńsọ̀ bá tàn, ṣùgbọ́n tí iná rẹ̀ lójú PLC kò tàn, àárín àwọn méjèèjì ni àìsàn wà: wáyà ti já, tàbí ó ti tú. Bí PLC bá ti tan iná àṣẹ, tí fáàfù kò sì ṣí, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn PLC mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, oníṣẹ́ ti pín ọ̀nà sí méjì, ó sì ti mọ apá tí yóò gbà. Ìta àpótí ni àbùkù sì máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà: eruku lójú sẹ́ńsọ̀, omi nínú ojúkò wáyà, kọ́ńtákítọ̀ tí ó lẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà jáde kí ó tó wo nǹkan wọ̀nyí dà bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ tí ó gún mọ́ agbádá rẹ̀.

Lẹ́yìn ojú ni mítà. Nípa mítà ni ó yẹ kí oníṣẹ́ ti ṣọ́ owó ná, ṣùgbọ́n kí ó má ṣahun. Iná tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ oríṣi méjì: 24 fóòtì fún sẹ́ńsọ̀ àti PLC, àti 415 fóòtì fún mọ́tò ńlá. Èkíní kò lè pa ènìyàn bọ̀rọ̀. Èkejì kì í bẹ̀bẹ̀. Mítà tí a óò gbé sẹ́bàá 415 yẹ kí ó ní àkọlé CAT III lára, pẹ̀lú 600 fóòtì ó kéré tán, kí ó sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí ẹnikẹ́ni lè tẹ lẹ́tà mẹ́ta sára ike. Tẹ́sítà onígílóòbù tí àwọn ènìyàn ń fi sápò kò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́. Àṣà àwọn tí ó dàgbà nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí wọ́n fi mítà wo ibi tí wọ́n mọ̀ pé iná wà, kí wọ́n wo ibi tí wọ́n rò pé kò sí, kí wọ́n sì tún padà wo ti àkọ́kọ́. Bí mítà bá kú ní àárín méjì, wọn yóò mọ̀. Kí wọ́n tó ṣe èyí rárá, wọ́n ti fi àgádágodo ti súwíìsì ńlá pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe nínú àpò ọ̀gá.

Ẹ̀kọ́ kan wà lórí mítà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò rí kọ́ ní ilé-ìwé. Sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn ìgbóná tàbí bí omi ti ga tó kì í sábà fi fóòtì ròyìn. Iná mílí-áńpù láti 4 dé 20 ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá ń wọn ìgbóná láti digírí 0 dé 200, 4 ni yóò fi jẹ́ odo, 20 ni yóò fi jẹ́ 200, 12 yóò sì jẹ́ 100. Ẹni tí ó bá rí 8 yóò mọ̀ pé ìgbóná jẹ́ 50. Kí ni ìdí rẹ̀ tí wọn kò fi bẹ̀rẹ̀ láti odo? Ìdí ni pé odo ni ti wáyà tí ó já. Nípa báyìí, ẹ̀rọ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín táǹkì tí ó tutù àti sẹ́ńsọ̀ tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n kí a tó lè wọn mílí-áńpù pẹ̀lú mítà lásán, a ní láti tú wáyà, kí iná gba inú mítà kọjá. Ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n má baà rí ìgbóná tí ó já sí ìsàlẹ̀ kí ẹ̀rù sì bà wọ́n. Bí ó bá parí, kí ó yọ wáyà mítà kúrò ní ojú ihò áńpù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, tí ó sì lọ fi wọn fóòtì, ti so iná pọ̀ mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Sukudiráfà, pílásì, ohun tí a fi ń bó wáyà àti ohun tí a fi ń kọ nọ́mbà sí i lára kò nílò àlàyé púpọ̀. Kí wọ́n jẹ́ ojúlówó, ó tán.

Ohun tí ó ń ba ilé-iṣẹ́ nínú jẹ́ jù kò sí nínú àpò irin-iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ PLC àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, bátìrì kékeré kan ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rántí àṣẹ rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Bí bátìrì yìí bá ń kú lọ, iná pupa kékeré kan a tàn lójú PLC. Ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó bìkítà. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa gbogbo iná fún ọlidé Kérésìmesì, tàbí tí iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì dìde, ni ẹ̀rọ yóò gbàgbé ohun gbogbo. Bí iná bá padà, orí rẹ̀ ti ṣófo. Bí kò bá sí ẹ̀dà àṣẹ náà níbìkan, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó kọ ọ́ ní àkọ́kọ́, bóyá ní Jámánì tàbí ní Ítálì, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì jókòó lójú ẹ̀rọ tí kò sí ohun tí ó ṣe é. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Kí a pààrọ̀ bátìrì ní àsìkò tí ìwé ẹ̀rọ sọ, kí a sì ka ìwé náà dáadáa, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìgbà tí iná wà lórí PLC ni ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ̀dà àṣẹ wà ní ibi tí ó ju ọ̀kan lọ, kí ọ̀kan nínú wọn má sùn sí ilé-iṣẹ́, kí déètì sì wà lára rẹ̀. Kí a máa fi ẹ̀dà wé ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ lóòrèkóòrè, nítorí ẹnìkan lè ti yí nǹkan padà ní òru kí ó má sọ. Àwọn PLC tuntun tí ń lo káàdì ìrántí kò nílò bátìrì fún èyí, ṣùgbọ́n káàdì pẹ̀lú lè bàjẹ́.

Níbo ni ènìyàn yóò ti kọ́ gbogbo nǹkan wọ̀nyí? Àjọ ITF, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní ọdún 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú rí iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi oṣù rẹ̀ ra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá kò rí nǹkan kọ́. Èyí tí ó bẹ̀bẹ̀ fún àwòrán wáyà ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí ó sì fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti ní ohun tí yóò bá a kalẹ́. Ìwé Tony Kuphaldt tí ó ń jẹ́ Lessons In Industrial Instrumentation, tí ó ju ojú-ewé 3,000 lọ, jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òǹkọ̀wé rẹ̀ ti jẹ́ olùkọ́ rí ní Bellingham Technical College ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tí ó ti rí àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́. CODESYS, láti ilẹ̀ Jámánì, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó fẹ́ fi kọ àṣẹ, ó sì lè ṣe bí PLC nínú kọ̀ǹpútà láìsí PLC kankan. OpenPLC, tí Thiago Alves bẹ̀rẹ̀, ń sọ pátákó kékeré bíi Raspberry Pi di PLC. Láti ọdún 1993 sì ni òfin kan, IEC 61131-3, ti wà lórí èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún PLC, nítorí náà ohun tí ènìyàn bá kọ́ lórí ọ̀kan wúlò lórí òmíràn, bí orúkọ àti bọ́tìnnì rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀.

Nítorí pé èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò lábòsí wà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa ra èyí tí wọ́n jí. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Dragos ní Amẹ́ríkà ṣí aṣọ lójú irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń polówó fún àwọn tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ PLC wọn. Lóòótọ́ ni ó ń bá wọn rí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbin kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sality sínú kọ̀ǹpútà wọn. Kọ̀ǹpútà tí a fi ń bá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ kì í ṣe èyí tí à ń fi wo fíìmù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ nílé lè ra bọ́tìnnì méjì, rílé kan, gílóòbù kan àti pátákó kékeré, kí ó sì so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú 24 fóòtì. Kí ó kọ́kọ́ mú kí bọ́tìnnì kan tan gílóòbù, kí èkejì sì pa á. Kí bọ́tìnnì ìdádúró jẹ́ irú èyí tí iná ń gbà kọjá nígbà gbogbo, tí ó ń já nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó bá ṣe é tán, kí ó fa wáyà bọ́tìnnì náà já, kí ó wò ó. Gílóòbù yóò kú bí ẹni pé a tẹ bọ́tìnnì. Kí ó wá tún un ṣe pẹ̀lú irú bọ́tìnnì kejì, èyí tí iná kì í gbà kọjá àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́, kí ó sì tún já wáyà náà. Gílóòbù yóò máa tàn, bí ó ti wù kí ó tẹ bọ́tìnnì tó. Bí ó bá fi ọkàn rẹ̀ fi ẹ̀rọ tí ń gé irin sí ipò gílóòbù yẹn, tí ó sì fi apá ènìyàn sí abẹ́ rẹ̀, yóò mọ ìdí tí àwọn àgbà oníṣẹ́ fi máa ń bínú sí ẹni tí ó fi wáyà kúkúrú kan fo súwíìsì ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, nítorí pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.