Odù àti Ìkejì Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ wa ní Àgbówà)

Ọ̀ràn tí a mú wá lónìí ti ń dùn wá láti ìgbà èwe iṣẹ́ wa. Nígbà náà ni a bá ọmọkùnrin kan tí ó fa ìlà odù sí ara síléètì ní àkókò ìṣirò; a nù ún nù, a sì na ọmọ náà, nítorí a rò pé ìbọ̀rìṣà ni ó gbé wọ kíláàsì. Ìṣirò ni ọmọ náà ń ṣe. Ó gbà wá ní ọdún púpọ̀ kí a tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A kì í ṣe babaláwo, ẹ sì mọ iṣẹ́ tí a ń ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìlà náà nìkan ni a fẹ́ wò. Babaláwo a máa fi ọwọ́ kan kó ikin mẹ́rìndínlógún kúrò ní ọwọ́ kejì. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, ìlà méjì ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, ìlà kan. Ipò mẹ́rin ni ó wà lórí ara wọn, ọ̀nà méjì ni ó sì wà fún ipò kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà mẹ́rìndínlógún ni odù, kò lè lé, kò lè dín. Bí a bá tò wọ́n ní méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n di 256.

Ṣùgbọ́n ètò tí a fi ń ka orúkọ wọn ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ẹ mú Ọ̀bàrà: ọ̀kan, èjì, èjì, èjì, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ dorí rẹ̀ kodò: èjì, èjì, èjì, ọ̀kan. Ọ̀kànràn ni, òun gan-an ni a sì ń kà tẹ̀ lé Ọ̀bàrà! Ó dà bí ọ̀pẹ etí ọ̀sà wa níhìn-ín, tí òjìji rẹ̀ ń dorí kodò nínú omi ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ìrosùn rí sí Ọ̀wọ́nrín, Ògúndá sí Ọ̀sá, Ìká sí Òtúúrúpọ̀n, Òtúrá sí Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ sí Òfún. Mẹ́rin péré ni kò yí padà bí a ti wù kí a dorí wọn kodò: Ogbè, tí ó jẹ́ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin, Ọ̀yẹ̀kú, tí ó jẹ́ èjì lẹ́ẹ̀mẹrin, Ìwòrì, èjì, ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, àti Òdí, ọ̀kan, èjì, èjì, ọ̀kan. Níbo ni a ó ti rí ìkejì fún ẹni tí òjìji rẹ̀ jẹ́ òun tìkára rẹ̀? Àwọn àgbà gba ọ̀nà mìíràn: ibi tí ọ̀kan wà, wọ́n fi èjì sí i, ibi tí èjì wà, wọ́n fi ọ̀kan sí i. Ogbè di Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì di Òdí. Àwọn mẹ́rin wọ̀nyí ni wọ́n sì fi ṣáájú. Ní Ilé-Ifẹ̀ a rí ètò tí ó fi Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn ṣíwájú Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín, ṣùgbọ́n kò sí odù kan tí ó fi ìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé èèṣì ni, ẹ fún un ní síléètì kí ó fi èèṣì to tirẹ̀.

Àwọn Lárúbáwá ní àmì mẹ́rìndínlógún yìí kan náà, èyí tí àwọn Ààfáà wa ń lò nínú yanrìn títẹ̀. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ ní i. Àwọn a máa ro àmì mọ́ àmì: ọ̀kan àti ọ̀kan di èjì, èjì àti èjì, èjì, ọ̀kan àti èjì di ọ̀kan, nítorí bí a bá yọ méjì nínú mẹ́ta, ọ̀kan ni ó kù. Bí a bá ro odù bẹ́ẹ̀, Ọ̀yẹ̀kú kò yí ẹnikẹ́ni padà, gẹ́gẹ́ bí òdo. Ogbè sọ olúkúlùkù di òdìkejì rẹ̀. Odù tí a bá sì rò mọ́ ara rẹ̀ di Ọ̀yẹ̀kú. Áljẹ́brà pípé ni èyí.

Áljẹ́brà yìí náà ni àwọn onímọ̀ físíìsì bá pàdé nínú irin òòfà. Wọ́n rò ó bí aṣọ tí a pín sí ojú púpọ̀, tí òòfà kékeré kan wà ní ojú kọ̀ọ̀kan, tí ó kọjú sókè tàbí sí ìsàlẹ̀, kò sí ẹ̀kẹta. Bí a bá yí gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí Ogbè ti í ṣe, agbára tí ó wà láàárín wọn kò yàtọ̀. Ní 1941 Kramers àti Wannier rí ìkejì tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣirò irin náà nígbà tí ó gbóná bá ìṣirò rẹ̀ nígbà tí ó tutù mu, bí a bá fi ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan pààrọ̀ ìkejì rẹ̀. Ìwọ̀n kan sì wà láàárín tí ó jẹ́ ìkejì ara rẹ̀, bí Ìwòrì tí a dorí rẹ̀ kodò. Wọ́n wí pé bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni agbára òòfà ti ń kú, ibẹ̀ ni. Ní 1944 Lars Onsager ṣe ìṣirò náà parí, ó sì rí i bẹ́ẹ̀.

A kò wí pé àwọn baba wa mọ irin Kramers. Àwọn tí ń pariwo pé Ifá ni ó ṣe kọ̀ǹpútà ń sọ wá di ẹni ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó to odù wá ìkejì ohun gbogbo, ó sì ṣọ́ èyí tí ó jẹ́ ìkejì ara rẹ̀. Ohun tí Kramers àti Wannier ṣe náà nìyẹn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a wà, a ti ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlà mẹ́rìndínlógún láìsọ orúkọ wọn, kí wọ́n wá ìkejì olúkúlùkù. Ọmọbìnrin kan mọ ohun tí ó jẹ́, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ kàn án nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. A kò nà án. A fún un ní owó ẹyọ mẹ́rin, kí ó máa da ojú àwọn kan dé, kí ó sì máa ṣí ojú àwọn ìyókù sókè. Òun ni ó kọ́kọ́ rí àwọn mẹ́rin tí kò yí padà.