Ẹ̀bà Alábàárù
Ní Ìdó l'Ékòó, nítòsí afárá Carter, alábàárù tó ti ń ru ẹrù láti ìdájí lè jẹ ẹ̀bà ńlá lọ́sàn-án, kí ara rẹ̀ sì lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì látàárọ̀, tó tún jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ títí alẹ́, irú ẹ̀bà yẹn náà ló ń jẹ sùn. Ó ń dùn mí gan-an. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ló ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò; èyí tó bá ṣẹ́kù lè di ọ̀rá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, bí ìrìn kíákíá, lọ́sẹ̀. Lọ́la, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Ọyìngbò.