Ibi Tí A Jókòó Sí

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tukọ̀ lójú ọ̀sà láàárọ̀ yìí, ní Makoko, ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé ó ń dùn yín? Ẹ lè ní àjẹ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti wo ibi tí ẹ ń jókòó sí?

Pákó inú ọkọ̀ le. Ẹ jókòó lé e, ẹ na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Iṣan ẹ̀yìn itan á fa egungun ìdí sẹ́yìn, ẹ̀yìn á sì tẹ̀ bí ọrun. Ṣé irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ò ní ké?

Ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀. Ẹ ká aṣọ tó ti gbó, tàbí kí ẹ wá fóòmù, ẹ jókòó lé e. Díẹ̀ ni mo wí o! Bó bá ga jù, ọkọ̀ á máa mì. Ẹ ká orúnkún díẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti nǹkan. Bí ẹ bá rí ibi fẹ̀yìn tì, ẹ fi tìmùtìmù kékeré sí ibi tí ẹ̀yìn ti tẹ̀ wọnú, lókè ìdí.

Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ dìde, ẹ na ara. Bí ìrora bá ń sọ̀kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, ẹ lọ rí dókítà.

Ta ló ní a ò lè ṣiṣẹ́ àfi ká jìyà? Ìjókòó tó rọrùn kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ẹ tún ìjókòó ṣe kí ẹ tó mú àjẹ̀.