Abéèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà: Bí Àwọn Atukọ̀ Ṣe Ń Mọ Ọ̀nà Lójú Agbami Òkun

 Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn atukọ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà lójú òkun. Ẹlòmíì lè máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé, kí ló kan àwa ará Aduwawa, tó jẹ́ pé ọjà màlúù àti àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Auchi là ń rí lójoojúmọ́, nínú ọ̀rọ̀ òkun? Ó kàn wá gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé ibẹ̀.

Àwọn baba wa ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Àlejò tó bá sọnù ní Ring Road á bi oníṣòwò, ẹni yẹn á nawọ́ ọ̀nà Aduwawa sí i. Ṣùgbọ́n lójú agbami, omi ni iwájú, omi ni ẹ̀yìn. Ta ni èèyàn fẹ́ bi? Ohun tí atukọ̀ ń bi léèrè ni ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, oòrùn, ìràwọ̀ àti aago.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ìṣírò. Atukọ̀ mọ èbúté tó ti gbéra. Kọ́ńpáàsì ń sọ ìhà tí ọkọ̀ kọjú sí fún un. Láti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó, àwọn ará àtijọ́ a ta kókó sí okùn gígùn kan, láti kókó dé kókó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 47 àti ínǹṣì 3. Wọ́n á so igi pẹlẹbẹ mọ́ ìdí okùn náà, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á sì ka iye kókó tó bá yọ́ kọjá lọ́wọ́ wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 28. Iye kókó náà ni iye máìlì ojú omi tí ọkọ̀ ń rìn ní wákàtí kan. Títí di òní, kókó náà ni wọ́n ṣì fi ń ka eré ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ bá sá kókó 10 fún wákàtí 6, ó ti rin máìlì 60. Atukọ̀ á fa ìlà náà sórí máàpù, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣírò yìí ní àléébù. Afẹ́fẹ́ ń ti ọkọ̀, omi náà sì ń gbé e. Ní etí òkun tiwa níbí, ìṣàn omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Guinea Current, ìhà ìlà-oòrùn ló ń gbé ọkọ̀ lọ, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ọkọ̀ tó bá fi dígírì kan péré yà, tó bá rin máìlì 60, ó ti fi máìlì kan kúrò lójú ọ̀nà. Bó ṣe ń lọ sí i ni àṣìṣe náà ń pọ̀ sí i, bí èlé lórí gbèsè. Ìdí nìyí tí atukọ̀ fi gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹlẹ́rìí kejì wà lójú ọ̀run. Ìràwọ̀ kan wà ní ìhà àríwá tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Iye dígírì tó fi ga sókè etí òkun ni iye dígírì tí ẹ fi wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní Lisbon, olú ìlú Pọ́túgà, ó ga tó nǹkan bíi dígírì 39. Ní Benin níbí, nǹkan bíi 6 ni. Bí ẹ bá na apá yín gbọọrọ, kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Igi àti ilé a máa bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tó ká àwọn ará Pọ́túgà mọ́ nìyí nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí 1486 ni João Afonso de Aveiro dé Benin, Ughoton sì ni èbúté tí wọ́n ń gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni ìràwọ̀ náà ń rẹlẹ̀, ẹni tó bá sì sọdá ìlà agbedeméjì ayé kò ní rí i mọ́. Nítorí náà wọ́n yíjú sí oòrùn. Ní 1485, Ọba João Kejì rán José Vizinho wá sí etí òkun Guinea láti fi oòrùn ọ̀sán wọn ibi tí ilẹ̀ wà. Oòrùn kì í dúró lójú kan. Láàárín ọdún, a lọ sí àríwá, a padà sí gúúsù. Wọ́n wá ṣe ìwé tó ń sọ ibi tó wà lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹta, orí ìlà agbedeméjì ayé gan-an ló máa ń wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní Benin, ó máa ń ku nǹkan bíi dígírì 6 kí oòrùn tó kàn wá lórí gan-an, nítorí dígírì 6 náà la fi jìnnà sí ìlà yẹn.

Èyí tó le jù ni mímọ bí èèyàn ṣe rìn tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Aago ló tú u. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, ìyẹn dígírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìlà tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà gba Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba Tema ní Ghana. Ọ̀sán gangan ń kan Benin ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 ṣáájú Tema. Ẹ pín 22 sí ọ̀nà mẹ́rin: dígírì márùn-ún àbọ̀, ibẹ̀ ni a wà sí Tema. Atukọ̀ tó bá gbé aago Greenwich dání, tó sì rí ọ̀sán gangan níbi tó wà, ti mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n aago tó fi ìṣẹ́jú kan ṣìnà á fi máìlì 15 ṣi atukọ̀ lọ́nà ní agbègbè ìlà agbedeméjì ayé. Ní 1714, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí £20,000 fún ẹni tó bá yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan, John Harrison, ló ṣe aago tí wọ́n gbé dé Jamaica ní 1761 sí 1762 tí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Lónìí, GPS wà. Aago inú àwọn sátẹ́láìtì ni òun náà fi ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní Annapolis, tó ti dá ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ dúró, dá a padà ní 2015, nítorí èèyàn lè dí GPS lọ́wọ́. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Ẹ mọ iye ọmọ tó ti gba ìlú yìí lọ sí Líbíà. Nínú ọ̀pọ̀ ìrìnàjò bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gbowó kì í wọ ọkọ̀ náà. Wọ́n á ní kí èrò kan di ẹ́ńjìnnì mú, wọ́n á gbé kọ́ńpáàsì lé èrò mìíràn lọ́wọ́, wọ́n á ní kó máa lọ sí àríwá. “Compass man” ni wọ́n ń pè é. Kò ní máàpù, kò mọ ìṣàn omi, irin ẹ́ńjìnnì sì lè fa kọ́ńpáàsì náà kúrò lójú ọ̀nà. Láti etí òkun Líbíà dé erékùṣù Lampedusa tó nǹkan bíi kìlómítà 300. Bí ó bá fi dígírì méjì péré yà, yóò fi nǹkan bíi kìlómítà 10 tàsé erékùṣù tí gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, epo á tán. Láti 2014, àwọn tó kú tàbí tó sọnù nínú òkun náà ti lé ní 25,000. Ní oṣù kọkànlá 2017, òkú ọmọbìnrin 26 ni wọ́n gbé dé èbúté Salerno ní Ítálì. Ọmọ Nàìjíríà la gbà pé ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Ní oṣù kẹta 2018, Kábíyèsí Ọba Ewuare Kejì gégùn-ún fún àwọn tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò.

N kò sọ pé kí ọmọ yín má rìnrìn àjò. Ìrìnàjò ló gbé àwa náà dé Benin. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ilé yín pé òun fẹ́ mú ọmọ sọdá òkun, ẹ bi í pé: ta ni yóò tu ọkọ̀ náà, ibo ló ti kọ́ṣẹ́, kí sì ni yóò fi mọ̀ bí ó bá ti ṣìnà? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dá ọmọ yín dúró.

Ọmọ tó bá fẹ́ràn òkun, ilé-ẹ̀kọ́ wà fún un. Èyí tó wà ní Oron, ní Akwa Ibom, ti wà láti 1977. Yunifásítì wà fún un ní Okerenkoko, ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ìṣírò àti físíìsì ni kó mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ nílé: ẹ ri igi sí àgbàlá, kí àwọn ọmọ máa sàmì sí òjìji rẹ̀. Wọ́n á rí i pé ó máa ń kọjá aago méjìlá díẹ̀ kí òjìji náà tó kúrú jù, nítorí aago Nàìjíríà bá ìlà dígírì 15 mu, a sì wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ọmọ tó bá lóye ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ atukọ̀.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣi ọ̀nà, kó sì bá wa dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí.