Èlé: Ohun Tó Gun Orí Owó



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí: èlé. Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ yìí, mo rí àwọn tó ti fọwọ́ kan àpò.

Orírun rẹ̀ kò ṣòroó rí. Bí a ṣe fi è ṣáájú tò tó di ètò, tí a fi ṣáájú rò tó di èrò, bẹ́ẹ̀ la fi ṣáájú lé. Lé ni kí nǹkan wà lórí nǹkan: à ń gbé omi léná, à ń gbé ẹrù lérí. Owó tí a yá ni ojú owó; èyí tó gun orí rẹ̀, tó sì ń ga sí i díẹ̀díẹ̀, ni èlé. Bí báńkì Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn bá fi í sórí owó tiwa, ìbùkún là ń pè é.

Lé yìí náà ló wà nínú òǹkà wa. Mọ́kànlélógún: ọ̀kan lé ní ogún. Ó di mẹ́rìnlélógún, ó tán. Nínú òǹkà àtijọ́, tó bá ti di márùn-ún, lé á bọ́ sílẹ̀, dín á gba ipò rẹ̀: márùndínlọ́gbọ̀n. Àwọn baba wa kò jẹ́ kí lé gùn ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Sogúndogójì, ayánilówó elélé ńlá, ni kò gbà fún wọn. Ẹ gbọ́ orúkọ náà: ó sọ ogún di ogójì. Ìyẹn kì í ṣe lé mọ́, ogún ló bí ogún.

Èlé kì í sì í ṣe owó nígbà gbogbo. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde lọ́dún 1921, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà, ẹni tí wọ́n fi dúró fún gbèsè, ń ṣe fún olówó nígbà náà ni èlé. Kò bá a bu ojú owó kù. Bó sìn fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni wọn yóò san kó tó dòmìnira.

Ìgbà tiwa wá mú gbọ́múlélántà dé, owó yíyá tí à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọjà ló sọ ọ́, èmi kọ́. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ju èyíkéyìí tí àwa onímọ̀ èdè jókòó ṣẹ̀dá lọ. Lé tiwa ló wà láàárín rẹ̀: gbé ọmú lé lántà. Lántà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kì í jóni. Bí gíláàsì bá ń gbóná bọ̀ ni ara ń mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tó rọrùn wò ó. Ìyá kan yá ₦100,000, yóò máa san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ibi tí lé ń parí sí gan-an. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá san ọ̀sẹ̀ méjìlá tán, ojú owó ti dín sí ₦50,000, èlé ọ̀sẹ̀ kẹtàlá kò sì dín ní kọ́bọ̀. Orí ₦100,000 ló ṣì jókòó lé. Bí a bá pín in kárí, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì lọ ni, èlé gidi sì sún mọ́ ìdá méjì nínú márùn-ún.

Mo bi oní-tòmátò kan tó yá irú owó yìí ní ọjà Bódìjà pé èlé tirẹ̀ jẹ́ mélòó. Ó ní òun kì í ka èlé, Tọ́sìdé lòun ń kà. Ó fa káàdì rẹ̀ yọ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀: àmì mẹ́tàdínlógún, ààyè méje. Omi tòmátò ti pa ọ̀kan nínú àwọn àmì náà rẹ́.