Ilé-Ìwé Ọ̀fẹ́ fún Àgbàlagbà ní Tennessee: Ta Ló Lè Gbà Á, Ta Ni Kò Lè Gbà Á?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka Amẹ́ríkà, lórí Zoom. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wọlé àti àwọn tó ń bèèrè fún un lórí WhatsApp.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, àwọn mìíràn sì fẹ́ máa lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Akọ̀wé fún mi, mi ò ní kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni ìròyìn tó ń kiri lórí gúrúùpù wa. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ìjọba Tennessee ń san owó ilé-ìwé fún gbogbo àgbàlagbà. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé irọ́ ni, iṣẹ́ àwọn oní-jìbìtì ni. Kò sí èyí tó jàre tán nínú àwọn méjèèjì. Ètò náà wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló wà fún. Òfin tó wà nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Tennessee Reconnect lorúkọ ètò náà. Nígbà gómìnà Bill Haslam ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2013, ìjọba rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ kí ènìyàn 55 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìwé ẹ̀rí tó ju ti ilé-ìwé girama lọ kó tó di 2025. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe òfin ti àwọn ọmọ tó ń jáde ní girama ní 2014, èyí tí wọ́n pè ní Tennessee Promise. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn ọmọdé nìkan ò lè gbé iye yẹn dé ibẹ̀. Ni wọ́n bá ṣe òfin ti àgbàlagbà ní 2017, àwọn àkọ́kọ́ sì wọ kíláàsì ní ìgbà ìwọ́wé 2018. Owó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e. Mẹ́tàlá ni community college ìjọba tó wà níbẹ̀: Nashville State wà fún àwọn ará Nashville, Southwest wà ní Memphis, Pellissippi wà ní Knoxville.

Báwo ni owó náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Owó àṣekún ni. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ ń ná tirẹ̀, ìyẹn owó Pell, lẹ́yìn náà ni Reconnect máa san ohun tó bá ṣẹ́kù nínú owó ilé-ìwé àti owó tí kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ di dandan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gbogbo owó sẹ̀mẹ́sítà kan jẹ́ $2,400. Bí Pell bá san $1,500, Reconnect á san $900. Bí Pell bá san gbogbo rẹ̀ tán, Reconnect ò ní san nǹkan kan. Wọn kì í kó o fún ènìyàn lọ́wọ́. Kò sì sí owó ìwé kíkà níbẹ̀, kò sí owó epo mọ́tò, kò sí owó ẹni tó ń bá wa tọ́jú ọmọ. Kí ìdílé tó pinnu, kí wọ́n ka ìyẹn mọ́ ìnáwó.

Ó wá kan àwọn òfin.

Èkínní, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti gbé ní Tennessee fún ọdún kan gbáko kó tó kọ̀wé béèrè. Ẹni tó kó wá láti Houston lóṣù tó kọjá, kó ní sùúrù.

Èkejì, òfin ọjọ́ orí wà, ẹni tó ń dá dúró gẹ́gẹ́ bí FAFSA ṣe túmọ̀ rẹ̀ sì yege níbẹ̀. Ẹni tó ti pé ọdún 24, ẹni tó ti ṣègbéyàwó, ẹni tó ń bọ́ ọmọ tirẹ̀, ẹni tó ti ṣe sójà Amẹ́ríkà: gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ wa tó wà lórí ìpàdé yìí ti kọjá ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kó gba ipò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nínú ètò, kó sì mú kírẹ́dítì mẹ́fà, ó kéré tán, ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì méjì ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lè ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, kó kọ fọ́ọ̀mù FAFSA lọ́dọọdún. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà lè kọ ọ́, ẹni tó ní green card lè kọ ọ́. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 tàbí físà àbẹ̀wò ò lè rí owó ìjọba níbẹ̀ o.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tó bá ti wọlé, kí GPA rẹ̀ má wálẹ̀ ju 2.0 lọ, kó má sì máa já a sílẹ̀ láàárín. Ọdún márùn-ún ni gbèdéke.

Ẹ̀kẹfà ló le jù, òun náà ló kàn wá jù: ẹni náà ò gbọ́dọ̀ tíì ní dígírì, yálà ti ọdún méjì tàbí ti ọdún mẹ́rin.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń sọ pé, "Àmọ́ Nàìjíríà ni mo ti gba tèmi, wọn ò kúkú kà á sí níbí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ara lé ìyẹn. Òfin Pell sọ ọ́ kedere pé dígírì ọdún mẹ́rin tí ènìyàn gbà nílẹ̀ òkèèrè, dígírì náà ni, bí Amẹ́ríkà ò tilẹ̀ gbà á fún iṣẹ́. Ẹni tó ti gba B.Sc. ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Ìlọrin, Pell ti kọjá lórí rẹ̀, Reconnect náà ò sì wà fún un. Àwọn tó ní OND, NCE tàbí HND, ẹ gba transcript yín, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí òkèèrè, irú bíi WES tàbí ECE, kí ẹ sì gbé èsì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín. Kí ẹ ṣe é kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má fi ìwé ẹ̀rí pamọ́. FAFSA fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ lè san owó ìtanràn tó tó $20,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì. Ẹni tó ń wá ìwé ọmọ ìlú lọ́wọ́, ṣé irú ẹjọ́ báyìí ló fẹ́ kí ó wà nínú fáìlì òun? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìròyìn ayọ̀. Àwọn wo ni ètò yìí wà fún gan-an? Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí ni. Ẹni tó lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ń dá a dúró títí físà fi jáde. Ìyá tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí ọmọ. Ẹni tí WAEC nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn yẹn ò ní dígírì, òfin ẹ̀kẹfà ò dí wọn lọ́nà, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì lè ka díẹ̀ lára ohun tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Arábìnrin tó ń tọ́jú arúgbó lóru lè fi dígírì ọdún méjì ní nọ́ọ̀sì jókòó fún ìdánwò NCLEX, kó sì di nọ́ọ̀sì gidi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní dígírì ńkọ́? Ẹ bèèrè níbi iṣẹ́ yín. Òfin owó orí gba agbanisíṣẹ́ láyè láti san tó $5,250 lọ́dún fún ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n yọ owó orí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń ṣe é, àwọn ènìyàn wa ni kì í bèèrè.

Ẹ̀yin ará Michigan àti Massachusetts, tiyín náà wà. Ti Michigan bẹ̀rẹ̀ ní 2021 fún ẹni ọdún 25 sókè. Ti Massachusetts bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2023, wọ́n sì nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọjọ́ orí ní 2024. Òfin ìpínlẹ̀ kan ò jọ ti èkejì, ẹ má fi ti Tennessee ṣe òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan: ọ̀fẹ́ ni FAFSA, studentaid.gov ni ibùdó rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kóun tó bá yín kọ ọ́, ẹ sá fún un. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín, kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Ohun tí mo bẹ ẹgbẹ́ fún ni èyí. Transcript ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn wa dúró. Ẹni tó wà ní Memphis ò lè lọ tò sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ilé-ìwé nílé. Kí ẹ̀ka ilé yan ènìyàn méjì tí yóò máa bá wa lọ gbà á, kí ẹ̀ka Amẹ́ríkà sì máa san owó ọkọ̀ wọn. Nínú ọdún kan péré, a lè ka iye ọmọ ìlú wa tó tipasẹ̀ rẹ̀ padà sí kíláàsì. Ìdàgbàsókè ìlú kọjá gbọ̀ngàn àti omi ẹ̀rọ nìkan. Ọmọ ìlú tó bá rí iṣẹ́ gidi ló máa rówó dá sí gbọ̀ngàn náà.

Mo ti parí o. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sórí gúrúùpù, kí gbogbo wa lè rí ìdáhùn. Ìlú wa á tòrò, iṣẹ́ á máa gbe wá o.