Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Ka Ìrìn Wa Kí A Tó Ra Páàsì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa, ẹ̀ka Jos)

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ga rárá, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ìrìn-àjò rẹ̀ ti tán sí ìgboro Èkó kí ó tó kan ilé bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ní Jos níbí, a kì í lo páàsì. Bí a bá wọ kẹ̀kẹ́ láti Terminus lọ sí Tudun Wada, tàbí bọ́ọ̀sì lọ sí Bukuru, a ó san owó ìrìn náà, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bàbá wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá síbí lẹ́yìn tí ọ̀nà Kafanchan dé Jos ní ọdún 1927: wọ́n mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wọ́n wọkọ̀, wọ́n sọ̀. Ìdí nìyí tí ojú wa fi ń ṣú nígbà tí a bá dé ìlú tí wọ́n ti ń béèrè káàdì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti Mile 12 dé CMS. Ní ọdún 2023, reluwé Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina dé Mile 2. Ní ọdún 2024, Red Line tẹ̀ lé e, láti Agbádo dé Oyíngbò. Káàdì kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cowry, ni a fi ń wọ gbogbo wọn. Dáńfó ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ní tirẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Káàdì Cowry kì í ṣe páàsì. Páàsì ni ohun tí ènìyàn san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì lè fi rìn bó ti wù ú fún ọjọ́ kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Àpò owó ni Cowry: owó ìrìn kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń yọ nínú rẹ̀. Owó káàdì fúnra rẹ̀ sì yàtọ̀ sí owó tí a ó kó sínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí èrè kankan nínú kíkó owó rẹpẹtẹ sí i fún ìrìn ọjọ́ méjì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí a bá ti fi í kan ẹ̀rọ nígbà tí a wọlé, a gbọ́dọ̀ fi í kàn án nígbà tí a bá ń jáde. Ẹni tó bá gbàgbé lè san owó dé òpin ọ̀nà.

Ìdí tí mo fi mọ èyí rèé. Àwa márùn-ún la lọ ṣe ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ní Èkó. Kí a tó ṣe ohunkóhun, mo ti ra káàdì márùn-ún, mo sì kó owó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará Òkè Ọya la jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré la lò wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ àwọn àna ló gbé wa kiri. Ní ọjọ́ kẹta, a ti forí lé ọ̀nà Jos. Owó náà wà nínú káàdì títí di òní, n kò sì lè fi ra gààrí ní ọjà Katako. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ mi jẹ. Ìtìjú mi ni mo sanwó fún.

Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń lọ wẹ ọmọ fún àwọn ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, tiyín rèé. Páàsì gidi wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò sì gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọdún 2014. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sáré ra páàsì. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ka owó tí káàdì kọ̀ọ̀kan ná lóòjọ́, bí ó bá ti kan ààlà, kò ní yọ kọ́bọ̀ mọ́. Ní ọdún 2023, owó bọ́ọ̀sì kan di £1.75, ààlà ọjọ́ kan sì jẹ́ £5.25. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tí a san, èyí tó kù di ọ̀fẹ́. Kí ó lè rí bẹ́ẹ̀, káàdì kan náà ni kí ẹ máa lò láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹni méjì kò sì lè fi káàdì kan rìn pọ̀. Ààlà ti ọ̀sẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń kà á. Nítorí náà, ẹni tó dé ní Ọjọ́bọ̀, tó sì mọ̀ pé òun yóò jáde lójoojúmọ́, lè jèrè páàsì ọjọ́ méje, torí ọjọ́ tó bá wù ú ni ti òun lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ilé ni yóò jókòó sí tí yóò gbé ọmọ pọ̀n, kí ó máa san ìrìn kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo ọ̀rọ̀ mi kò ju èyí lọ: kí ẹ tó kúrò ní Jos, ẹ jókòó, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ó wọkọ̀. Ẹ bi ẹni tí ẹ ń lọ bá léèrè bóyá yóò fi ọkọ̀ gbé yín. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè.

Alàgà wa, káàdì Cowry márààrún nìyí. Mo fi wọ́n sí ọwọ́ akọ̀wé lónìí. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó, kí ó wá yá èyí tí yóò tó o, kí ó kọ orúkọ sílẹ̀, kí ó dá a padà bó bá dé, kí ó sì fi owó tó lò nínú rẹ̀ sí àpótí ẹgbẹ́. Ká rìn ká pọ̀ ní í yẹni.

Kí Ọlọ́run máa jẹ́ kí àlọ àti àbọ̀ wa jẹ́ ti ayọ̀.